Ìwé Ọpẹ́ Tí Mo Fi Orúkọ Fàlílátù Kọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi Mojúbàolú Olúsànyà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà ní Ìkòròdú níbí, mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì fún ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, kò sì dà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ìyá yín títí ó fi kú. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà kankan. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé mi ṣubú, tí ó sì gba ohùn lẹ́nu mi fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ̀yin rò pé ikú ni mo ń bẹ̀rù lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Rárá o. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé mo fẹ́ sọ òtítọ́, ẹnu mi kò sì là mọ́. Ọlọ́run dá ohùn náà padà. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ jẹ́ kí n fi í ṣe ohun tí ó tìtorí rẹ̀ padà wá.

Ní ọdún 1951, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan tí ó ti kógbá sílé tipẹ́. Kì í ṣe ìròyìn ni mo ń kọ, ìpolówó ọjà ni. Àwọn oníṣòwò á kó ọ̀rọ̀ òyìnbó wá, èmi á sọ ọ́ di Yorùbá tí ó ń wọ ènìyàn létí: ọṣẹ, fìtílà, wàrà inú agolo, abọ́ tánganran, oògùn ikọ́, oògùn aràn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ ọ́ nípa fìtílà kan pé ẹni tó bá rà á, àlejò rẹ̀ kò ní fẹsẹ̀ kọ nínú ilé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wá kí ìyá mi ní Ìkòròdú, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yẹn lẹ́nu àwọn obìnrin tí ń dúnàá-dúrà lọ́jà, bí ẹni pé òwe àtijọ́ ni. Inú mi dùn, orí mi wú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó ló bà mí jẹ́. Owó oṣù mi kò yí padà. Dídùn ẹnu mi ló pa mí.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Bàdírù, aṣojú ilé iṣẹ́ òyìnbó kan. Òun ló gbé oògùn kan wá tí a sọ ní Ẹ̀rọ̀ Ibà. Omi aláwọ̀ pupa ni, nínú ìgò gígùn, ó korò díẹ̀, ṣúgà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bàdírù ní òun ti rí i pé àwòrán kì í ta oògùn tó ìwé ọpẹ́. Ó ní kí n máa tẹ lẹ́tà àwọn tó ti lò ó tí ara wọ́n yá. Mo ní lẹ́tà kankan kò tíì wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi kò lè kọ lẹ́tà ni? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ti àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò sí láyé, mo kọ ti alágbàfọ̀ kan ní Abẹ́òkúta tí ìyá kankan kò bí. Mo tún fi ìmọ̀ràn kan sí i láti inú orí ara mi: kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ má ṣe dáwọ́ dúró láìtíì mu ìgò mẹ́ta tán. Nígbà tí ibà mú èmi fúnra mi lọ́dún yẹn, kuníìnì ilé ìwòsàn ni mo gbé mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà tó yá, ojúlówó lẹ́tà dé. Akọ̀wé kan ní Ẹ̀pẹ́ ló bá obìnrin kan kọ ọ́. Fàlílátù lorúkọ rẹ̀, aya Yísà apẹja ní Ejinrin. Ó ní wọ́n ka ìwé ìròyìn wa sí òun létí lọ́jà, òun sì ra Ẹ̀rọ̀ Ibà fún Ṣùkúrátù ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo tí òun bí. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ mu ún, ara rẹ̀ tutù, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ibà náà ti padà. Ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́sàn-án báyìí, ọmọ náà kò sì dá ènìyàn mọ̀ dáadáa mọ́. Àwọn kan ní kí òun gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ẹ̀pẹ́. Ó wá ń bi wá, nítorí àwa la mọ̀wé, àwa la mọ oògùn náà: ṣé kí òun máa lọ, àbí kí òun parí ìgò kẹta bí ìwé ìròyìn ṣe wí?

Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e fún Bàdírù. Kò rò ó pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi ń tanná sí sìgá.

"Tó o bá ní kó máa lọ sílé ìwòsàn, o ti pa oògùn náà nìyẹn," ó ní. "Kọ ọ́ sí i pé kó parí ìgò kẹta."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi tí ẹ ń wò yìí ni. Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ ọ́, mo ní kí ó mú ọkàn le, mo ní ìyá tó bá ní sùúrù ni í gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Lẹ́yìn náà mo tún mú ìlà kan péré nínú lẹ́tà rẹ̀, ìlà tí ó ti dúpẹ́, mo fi í sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn: "Èmi Fàlílátù, aya Yísà apẹja ní Ejinrin, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ Ibà. Ara ọmọ mi tí ń jó bí iná ti tutù pẹ̀sẹ̀." Bàdírù gbá mi léjìká. Ó ní èyí ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan wọ ọ́fíìsì wa. Ó kéré lọ́jọ́ orí ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì ká ìwé ìròyìn kan mọ́ inú ìró rẹ̀. Ó béèrè akọ̀wé tí ń kọ nípa oògùn. Mo ní kò sí nílé. Ó wá ní kí èmi gba òun. Ó ní ọmọ òun kú ní ọjọ́ kẹta tí èsì lẹ́tà dé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sin ín, tíṣà kan ní Ejinrin ní òun rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn níbi tó ti ń dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé Yísà ti ń sọ pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ òyìnbó, pé ó fi òkú ọmọ ṣe ọjà. Ó tú ìwé ìròyìn náà, ó nà án sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé, èmi ò mọ̀wé. Ẹ bá mi kà á. Ṣé orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́?"

Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti kún. Èyí tó ṣáájú, mo lè sọ pé n kò rí ojú ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ yìí, mo rí ojú rẹ̀. Mo gba ìwé náà, mo wo ìlà tí mo kọ, mo gbójú sókè, mo sì sọ fún un pé Fàlílátù mìíràn ni, ará ibòmíràn ní Ìjẹ̀bú, pé tíṣà wọn ló ṣì í kà. Mo ní kó padà sílé, kó lọ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó wólẹ̀ lórí símẹ́ǹtì níwájú mi, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, pé mo ti yọ òun lọ́wọ́ ìtìjú. Ó dúpẹ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Èmi padà sídìí tábìlì mi, mo parí ìpolówó ṣúgà tí mo ń kọ lọ́wọ́.

Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí mo wá di olùkọ́ ní Ìkòròdú. Ẹ̀ ń yìn mí pé mo kọ́ ọmọ púpọ̀ ní ìwé kíkà. Mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. Gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá ka ìlà kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mo máa ń rántí ìlà tí n kò kà.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, nígbà tí ohùn mi padà, Rachael ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó sunkún, kò sì bá mi wí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá wọn lọ." Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó fi mọ́tò gbé mi dé Ejinrin. Wọ́n ní Yísà ti kú, pé Fàlílátù ti kúrò níbẹ̀ láti àádọ́ta ọdún ó lé, pé ọ̀dọ̀ Ṣàmsúdéènì, ọmọ tó padà bí lẹ́yìn tó kúrò, ló wà ní Ẹ̀pẹ́. Ó wà láàyè. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní kí Rachael yí mọ́tò padà sí Ẹ̀pẹ́.

A bá a níwájú ilé, ó ń ka Kùránì tí wọ́n fi Yorùbá túmọ̀, pẹ̀lú awò lójú. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sì gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú apá kan tí ó ti rọ. Ó pa ìwé dé.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni ẹ pa," ó ní. "Nígbà tí mo délé, tíṣà tún un kà níwájú gbogbo wọn: aya Yísà apẹja ní Ejinrin. Wọ́n ní mo tún lọ ra irọ́ bọ̀ láti Èkó. Wọ́n kó ẹrù mi síta. Nígbà tí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà dé Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, torí mo búra pé ẹnikẹ́ni ò ní bá mi ka nǹkan mọ́ láyé."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, nítorí pé ìbínú náà wúwo jù fún ẹni tí ń yan ẹja tà, tó ń jókòó ti èéfín láti òwúrọ̀ dé alẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́ ní Ejinrin," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lé mi."

Àwa àti Fàlílátù jọ lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Mo dúró láàárín ìdílé Yísà, mo sọ ọ́. Àbúrò Yísà, bàbá arúgbó tí kò ríran mọ́, ní kí wọ́n fa òun dé ọ̀dọ̀ Fàlílátù. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìyàwó wa, a ṣẹ̀ ọ́." Fàlílátù kò sunkún títí di ìgbà yẹn. Ó sunkún nígbà náà, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú mi fọ́ kí n tó rí i. Láti ìgbà náà, Ṣàmsúdéènì máa ń tẹ̀ mí láago láti béèrè àlàáfíà mi, bí ẹni pé mo yẹ ní bíbéèrè.

Ògoolúwa, ọmọ Rachael, ìwọ tí ń ka ìpolówó àgbo tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn sàn lórí rédíò, ohùn rẹ dùn, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Kí o tó sọ pé oògùn kan ń wo àrùn kan sàn, bi ara rẹ bóyá wàá fún ọmọ tìrẹ mu, kí o sì dúró de ìdáhùn.

Ọpẹ́ mi pọ̀ ju ìtìjú mi lọ. Síbẹ̀, ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Fàlílátù rí ẹni bá a kọ lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí kò rí ẹni bá wọn kọ ńkọ́? Bí ìyá yín tàbí ìyá-ìyá yín bá ti ra Ẹ̀rọ̀ Ibà rí, tí ọmọ kan sì kú nínú ilé, tí wọ́n ní àyànmọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àyànmọ́. Èmi ni. Ẹ dárí jì mí.