Ìyẹ̀fun Ọmọ Tí Wọ́n Wá Gbà Padà

Kò sí ìyàtọ̀ kẹ̀? Nọ́ọ̀sì Fúnmilọ́lá, ẹ tún un sọ kí n gbọ́! Ẹ wakọ̀ láti Ọ̀wọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ níbí, ẹ ní kí èmi Kúbúrá kó ìyẹ̀fun aṣaralóore tẹ́ ẹ fún ọmọ mi tó kù sílẹ̀, pé àwọn ọ̀gá yín ṣírò títí, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́! Ràhmát ọmọ mi tí kò lè dá jókòó tẹ́lẹ̀, tó ń rìn káàkiri àgbàlá yìí báyìí, ṣé omi lásán ló gbé e dìde?

Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká ki ọwọ́ bọ àpò, ẹni tó bá mú bébà pupa á máa gba ìyẹ̀fun fún ọmọ ẹ̀, ẹni tó bá mú funfun á máa lọ lọ́wọ́ òfo. Èmi mú pupa. Rùqáyyàh, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, mú funfun. Yàrá ẹ̀ nìyẹn, ẹ na ọwọ́, ẹ ó kàn án! Jamaldeen ọmọ ẹ̀ àti Ràhmát mi, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ṣé kí n wá gbé abọ́ sá fún ọmọ ilé wa ni? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Wọ̀láì, kò sí ìyá tó mú pupa tí kò bù fún ọmọ ẹni tó mú funfun!

Lẹ bá gbé ìwọ̀n dé. Ẹ wọn àwọn ọmọ àwa tá a mú pupa, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí iye wọn. Ẹ wọn tàwọn tó mú funfun, ẹ ṣe bákan náà. Ẹ ní méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí tiwa fi tẹ̀wọ̀n ju tiwọn, èèṣì lásán lè fà á. Kí ni kò ní jẹ́ kó dọ́gba? Àwọn méjèèjì ló ń jẹ ẹ́! Háà! Pẹ̀lú gbogbo ìwé yín, ẹ ò lè bi wá pé ta ló ń bá ta jẹun?

Inú ń bí mi, Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù sì ń bà mí. Iṣu ò tíì ta lóko, ògì ṣíṣàn nìkan ló kù nínú ilé.

Kí lẹ wí? Àṣẹ ni? Ó dáa. Agolo ìyẹ̀fun yín rèé, ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn àwọn ọmọ méjèèjì lójú mi, kẹ́ ẹ sì padà wá wọ̀n wọ́n nígbà tójò ọdún yìí bá dá. Ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri, ẹ ó bá a níbí. Àwọn ọmọ gan-an lẹ lè má bá.