Àjẹsára Imú Tó Mú Ẹnu Eirin Wọ́

Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi kọjá àtúnṣe, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí yìí, èmi Halvard Myklebust tí ẹ ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bergen níbí, ìkà ni mí.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ṣe àjẹsára tí à ń kán sí imú, kí kòkòrò ikọ́ líle tó ń pa ọmọ ọwọ́ má baà rí ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Ẹ kò mọ̀ pé èròjà kan tí mo fi kún un kí ó lè lágbára ló burú. Eirin, tó ń fun fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ eléré ìlú, yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìdánwò. Kò pẹ́ tí a kán an sí i nímú, apá kan ojú rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́. Sunniva, dókítà tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dúró ná, ká yọ èròjà yẹn."

Mo ní, "Torí ẹnu ẹnì kan? Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ẹnì kan lónìí ni, ọ̀gá."

Mo lé e lọ, mo sì ń sọ kiri pé kò mọṣẹ́. Ẹ̀yin náà gbà, torí ẹ fẹ́ kí orúkọ ilé ìwádìí wa ròkè. Èyí tó burú jù, mo lọ bá Eirin nílé. Ó gbé kọfí fún mi. Kọfí tirẹ̀ ń ro sílẹ̀ létè rẹ̀ tó wọ́. Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Atẹ́gùn òkun ló kọlù ẹ́. Má wulẹ̀ dárúkọ àjẹsára fún dókítà ẹ, wọ́n á kàn dà ẹ́ láàmú." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o. Mo padà lọ kán an sí imú àwọn mìíràn, ojú ẹni méjì tún kú.

Àwọn ẹbí wọn pariwo, ìjọba fòpin sí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àjẹsára imú kò dára. Irọ́ ni. Ká ní mo gbọ́ ti Sunniva ni, à bá ti tún un ṣe, àwọn ọmọ ọwọ́ tí ikọ́ ń fún lọ́rùn ì bá ti rí ààbò. Èmi ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Mo lọ bẹ Eirin. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ lọ sọ òótọ́ níbi tí ẹ ti purọ́." Ó ti ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ yín ń ba ara ẹlòmíràn jẹ́, ẹ má dákẹ́, ẹ má wo ewú orí rẹ̀. Èmi náà ti hewú nígbà tí mo ń purọ́.