Lọ́fíńdà Opó

Ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta lọ́fíńdà lọ́jà Atakpamé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ òun àti obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú.

"Opó kì í fín lọ́fíńdà, ọmọ mi. Wọn á ní o ti rí ọkọ mìíràn kí sàréè tó gbẹ."

"Ìyá, ọ̀la ni mò ń padà síbi iṣẹ́. Èmi gan-an ò lè fara da òórùn ara mi mọ́. Òun ni wọ́n sin, wọn ò sin mí."

"Bọ́ aṣọ dúdú náà ná." Ìyá náà dé ìgò rẹ̀.

Èmi náà ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó mi. Lọ́fíńdà tí mo fín láàárọ̀ ṣì ń ta sánsán, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè.