Ihò Tí Mo Dí Lórí Ilẹ̀ Tíṣà

Ẹ ti ìlẹ̀kùn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ìyá Ìyanu, ẹ jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù yẹn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin gan-an ló kàn. Ìyanu, ìwọ náà jókòó ti ìyá rẹ. Ṣàkírát ọmọ mi, má pariwo ẹkún, bí a bá ń sunkún à á máa ríran. Dókítà ti sọ fún wa pé kíndìnrín mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò sì ní í tètè kún. Omi ni. Èmi Mùkáílà tí gbogbo Ìgbó-Ọrà mọ̀ sí ẹni tó mọ ibi tí omi wà nínú ilẹ̀ àti ibi tí kò sí, omi ti wá bá mi nínú ara. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọdún mẹ́ta gbáko lẹ ti ń rò pé Bámiṣẹ́ bíríkìlà ló pa ọkọ yín. Bámiṣẹ́ kọ́. Èmi ni.

Ẹ má dá mi dúró, èémí mi ò gùn mọ́. Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi tẹ̀lé awọnlẹ̀ kiri Ìbàràpá, láti ibí dé Tápà, kí n tó dá dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ilé gbígbé lẹ́yìn ìlú, tí ẹ̀rù àbàtà ń bà á, èmi ló máa ń pè. Iṣẹ́ náà kò ní awo nínú. Koríko ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ibi tí eèsún, kókò àti igi ògùrọ̀ bá wà, mo ti ń fura nìyẹn. Mo máa ń wá ihò akàn. Lẹ́yìn náà, n óò gbẹ́ ilẹ̀ títí ihò yóò fi gba apá mi dé abíyá. Bí erùpẹ̀ tó jáde bá pupa, ó dáa. Bó bá rí bí eérú, tí ìlà pupa bí ara irin tó dógùn-ún wá ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi ti ń sùn níbẹ̀ lọ́dọọdún, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. N óò wá fi páànù bo ihò náà, n óò lọ sílé, láàárọ̀ ọjọ́ kejì n óò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí ọwọ́ mi bá bá nísàlẹ̀ ni n óò sọ fún olówó ilẹ̀.

Ọdún mẹ́fà rèé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ọláníyì wá bá mi. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ ọ̀nà Ìdèrè yẹn. Ó ní tíṣà kan, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí ìjọba gbé wá síbí, òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí Bàbá Ṣàkírát bá àwọn wò ó kí àwọn tó dáhùn. Ìyá Ìyanu, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Ọyẹ́ ti jó gbogbo Ìbàràpá, koríko ti gbẹ wúruwùru, ibẹ̀ nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Inú yín dùn, ẹ fọwọ́ gbá Bólúwadúró ọkọ yín lẹ́yìn, ẹ ní kí ó wo ilẹ̀ ọlọ́ràá lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Háà. Ọmọ oko Ìbàràpá kan kò ní í rí ewé tútù nínú ọyẹ́ kó ní òun ó kọ́lé síbẹ̀. Àkùrọ̀ là ń pè é, ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn là ń gbìn sí i. Ẹ̀yin ò mọ̀, iṣẹ́ tíṣà lẹ ń ṣe, àlejò sì ni yín. Ẹ wá kọjú sí mi pé kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá àgbà kan ló ń bomi rin ibẹ̀, pé òun ló jẹ́ kó tutù.

Ìyá àgbà ọ̀hún wà lóòótọ́. Ìyá Àpèkẹ́ ni, ó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ síbẹ̀ kí n tó gbéyàwó. Nígbà tí ẹ lọ tán, lójú rẹ̀ ni mo gbẹ́ ihò mi, lójú rẹ̀ ni erùpẹ̀ eérú jáde. Ó dúró tì mí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, “Mùkáílà, omi tí mo fi ń rin ẹ̀fọ́ yìí, ibi tí mo dúró sí ni mo ti ń bù ú. Ṣé inú omi lo fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn?” Mo ní kó panu mọ́. Nígbà tí èmi àti Ọláníyì padà débẹ̀ láàárọ̀, mo ṣí páànù, omi ti kún ihò náà dé ìdajì. Ọláníyì wò ó, ó sì wò mí. Ó ní bí ilẹ̀ yẹn bá lè tà, kí n lọ mú ibi tó bá wù mí lápá òkè, kí n kọ́lé sí i. Mo gbẹ́ ihò mìíràn lápá òkè lọ́jọ́ náà gan-an, mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, ó gbẹ bí gaàrí. Mo mú ibẹ̀. Ilé tí gbogbo wa jókòó sí yìí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kó erùpẹ̀ dí ihò ìsàlẹ̀. A gé ògùrọ̀ lulẹ̀, a hú kókò, a dáná sun ún, a lé Ìyá Àpèkẹ́ kúrò pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹ̀ tí kò tíì tó já. A ní kí ọkọ̀ típà da ilẹ̀ pupa sí gbogbo ojú ibẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì padà wá, mo ní a ti bá yín tún ibẹ̀ ṣe, inú ilẹ̀ pupa tí a rà wá yẹn ni mo gbẹ́ ihò kékeré sí lójú yín, kò dé orúnkún. Bólúwadúró ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún mi pé mi ò ní í ṣìnà láyé. Mo ṣe àmín.

Bámiṣẹ́ ló gba iṣẹ́ ìpìlẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́, ẹni tó máa ń wo búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi lélẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ló sáré wá bá mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní omi ń sun nínú ìpìlẹ̀, ó ní ṣé kí òun dáṣẹ́ dúró kí òun sọ fún Tíṣà. Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ yẹn láti padà, mi ò padà. Mo ní omi òjò àkọ́rọ̀ ló kù síbẹ̀, kó da òkúta sí i, kó máa báṣẹ́ lọ. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá.” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi wọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń lọ síbẹ̀ láti wò bóyá omi á tú mi láṣìírí, nítorí náà gbogbo bó ṣe po sìmẹ́ńtì ló ṣojú mi. Ó pò ó bó ṣe yẹ kó pò ó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún kejì tí ẹ kó wọlé ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ọkọ yín á dí i, á tún sán. Ẹ pè mí, mo wá, mo fìka tọ ojú ibẹ̀, mo ní bí ilé tuntun ti máa ń ṣe nìyẹn. Oṣù Ọ̀wàrà tó tẹ̀lé e, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin tí oòrùn yọ, Bólúwadúró wọ yàrá ẹ̀yìn lọ láti kó ìwé Ìyanu kúrò nínú omi, torí ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá lọ́dún tó tẹ̀lé e. Iwájú ilé mi níbí ni mo jókòó sí tí mo ti gbọ́ ìró ògiri tó wó lù ú. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ẹ̀yin tó figbe ta. Mi ò lè dìde.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, àwọn onílé àdúgbò pe ìpàdé, àwọn ẹbí ọkọ yín ti Ìlá dé, inú ń bí wọn. Wọ́n ní kí Bàbá tó wo ilẹ̀ sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Mo ní ilẹ̀ gbẹ, ẹni tó po sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n bi. Bámiṣẹ́ yíjú sí mi. Kò bínú o, ó rò pé mo gbàgbé ni. Ó ní, “Bàbá, mo wá bá yín nígbà tí omi ń sun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí.” Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo ní, “Mi ò rántí.” Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ níwájú ọmọ mi kí ojú lè tì mí dáadáa: mo rántí. Mo rántí àwọ̀ ẹrẹ̀ ara ṣòkòtò rẹ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fọ́ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹnikẹ́ni ò gbéṣẹ́ fún un mọ́, àwọn àna rẹ̀ wá mú ìyàwó lọ, ó sì kó lọ sí Ayete.

Ẹ̀yin wá ń ti ilé tí ẹ háyà gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi wó. Ẹ ní èmi ni bàbá tí ẹ ní nílùú yìí. Mo ń mu ún. Kò sóhun tí mo lè ṣe ju kí n máa mu ún lọ.

Jímọ̀ tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ṣàkírát, mo sì rán an sí Ayete. Ó bá Bámiṣẹ́ níbi tó ti ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Ó ní bàbá òun ní Bámiṣẹ́ kọ́ ló jẹ̀bi, pé ilẹ̀ ni, pé bàbá òun sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bámiṣẹ́ ò sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Sọ fún Bàbá pé wọ́n ṣeun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má parọ́ mọ́ ara wọn nítorí mi. Mo ti rò ó títí. Iyanrìn tí mo fi po sìmẹ́ńtì yẹn ló pọ̀ jù. Èmi ni mo pa Bọ̀ọ̀dá Bólúwadúró.” Ṣé ẹ gbọ́? Irọ́ tí mo pa fún ìlú, Bámiṣẹ́ ti gbà á gbọ́. Ẹnu mi ló fi í sí i lọ́kàn, ẹnu mi ò sì lè yọ ọ́ mọ́. Bí mo bá búra fún un láti òní títí tí màá fi kú, á ní àgbàlagbà ń ṣàánú òun ni.

Ìyá Ìyanu, mo fẹ́ kí ẹ dárí jì mí, mi ò ní í purọ́ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo pè yín fún. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ sí Ayete. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pè é, bóyá á wá. Ẹ̀ẹ̀rùn náà la tún wà yìí. Ẹ mú un lọ sẹ́yìn àwókù yàrá yẹn, níbi kùkùté ògùrọ̀ tí kókò ti tún ń hù sí, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò náà, dé abíyá. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ bò ó, kí ó padà wá láàárọ̀, kí ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìyanu, ìwọ náà, tó o bá ń ra ilẹ̀ lọ́la, má fi ẹnu àgbà kankan rà á, títí kan èyí tó ń ṣàdúrà. Mi ò mọ̀ bóyá màá wà láyé láti gbọ́ ohun tó bá níbẹ̀. Páànù mi wà lára ògiri lẹ́yìnkùlé. Ó ti dógùn-ún létí, ṣùgbọ́n ó ṣì lè bo ihò. Ṣàkírát, dìde, gbé e fún wọn.