Ta Ló Pa Àmì Ìpè Mi Rẹ́?

Rárá o, Ìyá Ànú, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Ẹ dìde ńlẹ̀ yẹn, ẹ jókòó sórí àga, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí, ọkọ yín ló ṣẹ̀ mí, òun ló sì yẹ kó gbé orúnkún tirẹ̀ wá sí Jabi níbí. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin ló rán? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni, àbí ojú ń tì í? Títí di oṣù tó kọjá, "wọ́n" ni mo máa ń pe ọkọ yín. "Bàbá Ànú, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé Bàbá Ànú ti jẹun?" Lónìí, "ó" ni. Akínjídé ni. Ẹ má bínú sí mi, ẹnu mi ti kọ "wọ́n" yẹn.

Ẹ ní kí ni? Ọ̀rọ̀ rédíò lásán? Háà! Ṣé bó ṣe sọ ọ́ fún yín nílé nìyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín. Iṣẹ́ ìjọba ni èmi àti òun ń ṣe, lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíò ló so wá pọ̀, rédíò tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, tó ń fi bá àwọn tí kò rí rí sọ̀rọ̀ kárí ayé, tí kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ló ní àmì ìpè tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìjọba fún un. Òun ni orúkọ wa lórí afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá gba àmì ìpè lọ́wọ́ èèyàn, Ìyá Ànú, orúkọ rẹ̀ lẹ gbà yẹn.

Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wa, òkè, lórí ìgbì kúkúrú, ni wọ́n ti ń ṣeré, níbi tó ti rọrùn, tí wáyà kúkúrú ti tó. Èmi ni mo ní ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ lọ, nídìí ìgbì gígùn lọ́hùn-ún, níbi tí wáyà tó gùn bí òpópónà kò tíì tó, tí ariwo máa ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ ò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wa súfèé, jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀, àmì ìpè wa àti ibi tí a wà, á tún un sọ, á tún un sọ, kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní ọ̀nà jíjìn lè ṣà á jáde lábẹ́ ariwo bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín nínú ẹgbẹ́. Akínjídé náà rẹ́rìn-ín, kó tó wá sọ pé òun á bá mi ṣe é.

Ta ló wá kọ̀wé gba àṣẹ? Èmi. Ta ló rí i pé jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà àwọn ará àdúgbò ò ní í jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan ní Jabi? Èmi. Ta ló lọ bẹ Alájì Jàbárù, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń taṣọ lọ́jà, pé kó yá mi ní igun kan nínú oko rẹ̀ ní Abaji? Èmi náà ni! Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó wà láyìíká rí wáyà lórí igi, wọ́n ní àwọn ajínigbé ló fẹ́ máa fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn. Ọ̀kan ní wáyà yẹn ló ń lé òjò sẹ́yìn. "Kai, Madam! Kai!" Wọ́n yí mi ká. Èmi ni mo jókòó sábẹ́ mángòrò pẹ̀lú wọn, tí mo ki ohun tí a fi ń gbọ́ rédíò bọ àgbà wọn létí, títí bàbá náà fi bú sẹ́rìn-ín, tó ní bí ẹni ń din àkàrà ni. Níbo ni ọkọ yín wà? Inú mọ́tò! Ó ti gíláàsì, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní oòrùn ń mú òun.

Kọ́ìlì tí wáyà wa fi ń gbé àmì jáde ńkọ́? Ní pálọ̀ tí ẹ jókòó sí yìí ni mo ti wé e, wáyà bàbà yíká ike ìponmi, tí èjìká mi fi ń ro mí bí ẹni gún iyán fún gbogbo ìjọ. Ẹ̀yin náà bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ní ṣé mo fẹ́ fi hun apẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ rántí? Ẹ ṣeun.

Lọ́jọ́ tí a máa tan án, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ àmì ìpè mi sínú kọ̀ǹpútà. Ó rí mi. Ó tilẹ̀ ní, "Sista Péjú, ó yá, orúkọ yín á rìnrìn àjò lónìí." Mo lọ sídìí kọ́ìlì láti tún un tò díẹ̀, mo kígbe pé kó má tíì tan án o, kó dúró. Ó tan án. Ìyá Ànú, iná orí kọ́ìlì yẹn kì í ṣe irú iná ilé tó ń gbọn èèyàn. Jíjó ló ń jó ẹran ara, láti inú wá síta. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ má gbójú kúrò, mo ní kí ẹ wò ó!

Ó ní òun ò gbọ́ mi. Mo gbà. Mo ní àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣàṣìṣe? Mo búra fún yín, mo ti dárí ìyẹn jì í kí wọ́n tó gbé mi kúrò lóko.

Alájì ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Akínjídé ní òun á dúró ti ẹrù. Ó sì dúró tì í lóòótọ́, áà, ó dúró tì í! Wọ́n ń wẹ egbò mi lọ́hùn-ún, mo ń jẹ̀rora, ọkùnrin yìí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, ó pa àmì ìpè mi rẹ́, ó tẹ tirẹ̀ sí i. Oòrùn wọ̀. Bàbá arúgbó kan ní Gíríìsì, lẹ́yìn aginjù, lẹ́yìn òkun, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣa àmì ìpè kan jáde tó wá láti Abaji. Ti ta ni? Ẹ dá mi lóhùn. Ti ta ni?

Nígbà tó sì wá kí mi lọ́jọ́ kejì, kí ló wí? Ó ní, "A ò rí nǹkan kan o, Sista. Ẹ fara balẹ̀, ara yín ló ṣe pàtàkì." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bó ọsàn, ó yọ kóró rẹ̀, ó ń fi í sí mi lẹ́nu nítorí pé ọwọ́ mi ò ṣeé lò, mo sì ń dúpẹ́! Mo ń gbàdúrà fún un! Ọlọ́run ló rí mi.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ni mo ti gbọ́, létí adágún Jabi níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ó ń fi àwòrán hàn lára ògiri. "Mo so wáyà. Mo wé kọ́ìlì. Mo gba orí afẹ́fẹ́ dé Gíríìsì." Àwòrán kan jáde, ọwọ́ méjì lára kọ́ìlì, mo wo òrùka tó wà níbẹ̀, òrùka mi ni! Ó gé orí mi kúrò nínú àwòrán, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wá na ìka sí mi, ó ní, "Ìyá yìí náà gbìyànjú púpọ̀, ó máa ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wa lóko." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nítorí mọ́ínmọ́ín!

Mo dìde. Mo ní, "Akínjídé, àmì ìpè ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ń gbé mi lọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ àjọṣe ni, ta ló ń wo ti àmì. Alága ní ká má fọ aṣọ ìdọ̀tí níta. Aṣọ ta ló dọ̀tí? Tèmi?

Mo kọ̀wé sí bàbá Gíríìsì. Ó fèsì, èèyàn dáadáa ni, ó kẹ́dùn ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí òun gbọ́ ni òun kọ, òun ò lè kọ ohun tí òun ò gbọ́. Ó tọ́ ni, kò purọ́. Òjò sì ti dé báyìí, ààrá ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn, ó di ọ̀gìnnìtìn kí èèyàn tó tún gbìyànjú. Bí àmì mi bá sì dé Gíríìsì lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ yín ni ẹni àkọ́kọ́, ẹnìkejì ni mo jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ? Lórí wáyà mi! Mo di ẹnìkejì lórí wáyà tí mo fi ọwọ́ ara mi so!

Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ nu ojú yín. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Kí ẹ lè wá láti ilé yín nínú òjò yìí, wá bẹ̀ mí nítorí...

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé, wọ́n fẹ́ wá wò ó ní Abaji... Ó dáa... Ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀... Ó wá ní kí n... Ha! Ha-ha-ha! Olúwa mi o! Ó ní kí n wá bá òun tún kọ́ìlì ṣe! Ìyá Ànú, mo rò pé ẹ̀bẹ̀ lẹ bá wá! Ha-ha! Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀, àbí? Kò sọ fún yín pé iṣẹ́ ló rán yín. Ó fi omi ojú yín ránṣẹ́ sí mi bí ẹni fi ìwé ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ ọwọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ilẹ̀ ló mumi yó, kọ́ìlì fẹ́ àtúntò díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N ò ní í fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún un, bó bá fẹ́ kí n dé Abaji, kó kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un, kó dárúkọ mi, Adépéjú, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe nígbà tí mo wà ní ọsibítù. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó máa súfèé lọ. Kó máa pè láàárọ̀, kó máa pè lálẹ́, kí gbogbo ayé gbọ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ tirẹ̀.

Rárá, Ìyá Ànú, ẹ má dá sí i. Ọkọ yín ni, mi ò ní kí ẹ ṣe àmín. Èmi nìkan á ṣe é. Àmín!