Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí Ni Mo Kó Lójú Ọ̀sà

Kí wọ́n tó gbé fíìmù yẹn jáde lọ́jọ́ Àìkú, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Èmi Rájí, tó ń fi pàǹtí ṣe ère ní Fọlá Àgòrò, èmi ni wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣàn pé mo ń gba ọ̀sà Bàrígà lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Irọ́ ni. Adéjìmí tó ya fíìmù náà ti ní kí n pa ẹnu mọ́, pé ètò tí wọ́n fẹ́ fi hàn pọ̀, ti bọ́ọ̀lù àdúgbò wà níbẹ̀, ti iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀, kí n má ba tàwọn ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kámẹ́rà dé etí omi, omi ti fà, ó sì ti kó gbogbo pàǹtí lọ. Ojú ọ̀sà mọ́ tónítóní. Adéjìmí ní, "Ẹ̀gbọ́n Rájí, kí la wá fẹ́ yà báyìí?" Ojú tì mí. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò. Mo wọ ọkọ̀, mo rí àwọn ike tó léfòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí kò gbé etí omi rí á pè é ní ìdọ̀tí. Èmi mọ̀ ọ́n. Bàbá Ikúmápàyí, apẹja Ìlàjẹ tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, ló so wọ́n mọ́ okùn àwọ̀n rẹ̀, tó so àkísà pupa mọ́ wọn, kó lè mọ ibi tí àwọ̀n wà lábẹ́ omi. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ọ̀bẹ gé e. Mo ń gé e, mo ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Adéjìmí wá bi mí pé ta ló ń ba ọ̀sà jẹ́. Mo ní, "Àwọn apẹja wa ni. Wọn ò mọ ìmọ́tótó." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Nígbà tí Bàbá dé lọ́jọ́ kejì, kò rí àmì, kò rí àwọ̀n. Ó wa ọkọ̀ kiri títí apá fi ń ro ó. Kí wọ́n tó rí àwọ̀n náà fà síta, ẹ́ńjìnnì àwọn tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà ti já a wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Níní, ìyàwó rẹ̀ tó ń yan ẹja tà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti ń ra ẹja báyìí. Bàbá fúnra rẹ̀ wá bi mí pé, "Rájí, ìwọ tó o wà lórí omi lọ́jọ́ yẹn, o ò rí ẹni tó débẹ̀?" Mo ní mi ò rí ẹnì kankan. Ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ère ẹja ńlá tí mo fi àwọn ike náà ṣe, táwọn àlejò fẹ́ wá wò, mo ti tú u palẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí wọ́n pè mí ní wèrè. Mo kó àwọn ike náà lọ bá Bàbá, tàkísà tàkísà, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Bàbá." Kò bú mi. Ó yẹ ojú okùn tí mo gé wò, ó ní, "Ike ti dé. Àwọ̀n ńkọ́?"

Ẹ wo fíìmù náà o, mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Bàrígà, tí ẹ bá ti rí àkísà pupa lọ́wọ́ mi, ẹ má pàtẹ́wọ́.