Iye Tí Varney Pè Kọ́ Ni Mo Sọ fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ìyá Rìsí ni wọ́n ń pè mí ní Jallah Town níbí, ní Monrovia. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ wo ohun tí mò ń sọ.

Mo ba èèyàn lórúkọ jẹ́. Varney lorúkọ ẹ̀. Káfíńtà ni, òrùlé ló ń kàn. Gbogbo àwa Yorùbá tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa ló gbà pé arẹ́nijẹ ni. Kì í ṣe arẹ́nijẹ. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí wọ́n fi kú. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyè tún yọ fún mi láti tún un ṣe, mo tún dákẹ́.

Alhaji Sùlé lọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Rìsí ni mò ń pè wọ́n. Pátì mọ́tò ni wọ́n ń tà ní Point Four, lẹ́bàá èbúté. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan ńlá láàrin wa á kọ́kọ́ lọ bi Bàbá Rìsí léèrè pé èló ló yẹ kóun san. Bí Bàbá Rìsí bá ní nǹkan wọ́n, ó wọ́n náà nìyẹn.

Nígbà tí Mùbárákù, àbígbẹ̀yìn wa, lọ sí Accra, yàrá ẹ̀ ṣófo. Ikọ́ ń yọ Bàbá Rìsí lẹ́nu nígbà yẹn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ máa jí mi, wọ́n bá kó lọ sí yàrá Mùbá. Ikọ́ lọ, wọn ò padà. A ò jà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé a jà. Ó kàn di àṣà ni. A ó kí ara wa láàárọ̀, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a ó jẹun alẹ́, oníkálukú á ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Ojú ń tì mí láti ní kí wọ́n padà. Àgbàlagbà bíi tèmi, kí ni mo fẹ́ wí?

Òjò Monrovia, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n. Ó lè rọ̀ láti Jímọ̀ dé Jímọ̀. Inú irú òjò bẹ́ẹ̀ ni páànù yàrá Mùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ní ọ̀gangan orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Rìsí gbé garawa sí i. Wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì, omi náà sún tẹ̀lé wọn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìrọ̀rí wà lábẹ́ abíyá wọn.

“Ìyá Rìsí, òjò ti lé mi jáde. Ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn. A sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Wọ́n dárúkọ Sàráfà, ọ̀rẹ́ wọn tí a jọ wọkọ̀ wá sílùú yìí. Wọ́n dárúkọ Màámá Hawa, onílé wa àkọ́kọ́, tó ń gbé ìrẹsì wá fún mi nígbà tí mo lóyún Rìsíkátù. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo rántí wọn.

Bàbá Rìsí ní kí n wá káfíńtà, kí n gbọ́ iye tí yóò gbà, torí èmi ni mo wà nílé lọ́sàn-án.

Togba lẹni àkọ́kọ́ tó wá. Kò gòkè. Ó dúró sí àgbàlá, ó gbórí sókè, ó ní gbogbo páànù yẹn ti bàjẹ́, ká ṣí i kúrò ká ra tuntun. Iye tó pè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ kọ́lé.

Ẹnì kejì ni Varney, ọmọ ẹ̀yà Vai nílùú yìí, tó máa ń kírun ní ìlà tó tẹ̀ lé ti Bàbá Rìsí. Òun gun àkàbà. Ó ní kí n jókòó sínú yàrá kí n máa wòkè. Ó wá ń rọra da omi sórí páànù díẹ̀díẹ̀, ó ń pè mí látòkè ní Oldma, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí: “Oldma, ṣé ó ti ń kán?” Mo ní rárá. Ó sún sókè sí i, ó tún dà á. “Oldma, báyìí ńkọ́?” Báyìí la ṣe rí i pé kì í ṣe ibi tí omi ti ń kán ló ti ń wọlé. Òkè lọ́hùn-ún ló ti ń wọlé, ó wá ń gba orí igi rìn bọ̀ títí dé ọ̀gangan bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìṣó kan hàn mí tí rọ́bà ìdí ẹ̀ ti gbó. Ó ní páànù wa ò ṣe nǹkan kan, àwọn ìṣó ló ti gbó. Ká pààrọ̀ ìṣó ìlà yẹn, ká fi ọ̀dà dúdú dí i, ó parí.

Mo bèèrè iye. Ó ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀, ó ya owó ọjà sọ́tọ̀. Ó ní kí èmi fúnra mi lọ ra ìṣó, kí n má baà rò pé òun lé owó lé e. Ọmọ oníṣòwò ni mí. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ èèyàn jẹ kì í rán an lọ sọ́jà fúnra ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó owó àpò ìrẹsì kan. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iye tó tọ́ ni. Ó ní ọjọ́ tí òjò bá ti dá, òun á wá láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n òun á ti ṣe tán.

Kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Á jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Rìsí máa padà sí yàrá Mùbá.

Nígbà tí wọ́n dé tí wọ́n bèèrè, mo gbé iye tí Togba pè, mo fi í sí Varney lẹ́nu. Mi ò tilẹ̀ dárúkọ Togba. Mo ní Varney ló wá, Varney ló ní ká ṣí gbogbo páànù.

Bàbá Rìsí rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí wọn. “Varney tó ń kírun lẹ́yìn mi? Ó fẹ́ fi páànù tèmi kọ́lé tiẹ̀ ni.” Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilé ò jò mọ́, ta ló tún ń rántí òrùlé? Wọn ò sì kó kúrò lọ́dọ̀ mi.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Irọ́ kékeré láàrin tọkọtaya. Àṣé Bàbá Rìsí ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọn ò ní in lọ́kàn láti ba èèyàn jẹ́ o, wọ́n fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣọ́ra ni. Alhaji Bùsàrí tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Congo Town gba iṣẹ́ òrùlé ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Varney. Ìyá Kúdírá tá a jọ ń kírun ní tiẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ti gùn ún dé ìdajì.

Varney wá bá mi lọ́jọ́ kan tí Bàbá Rìsí ò sí nílé. Kò pariwo. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́.

“Oldma, kí lẹ sọ fún Oldpa?”

“Ohun tí o sọ fún mi ni mo sọ fún wọn.”

Ó wò mí. Ó ní ó dáa, Oldma. Ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo lè wá àwáwí fún un. Èkejì yìí, mi ò rí àwáwí kankan.

Òjò ọdún méjì la fi jọ sùn sí yàrá kan náà. Tí omi bá ti ń kán sínú garawa ní yàrá Mùbá, Bàbá Rìsí á ní, “Ìyá Rìsí, Varney ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rín in. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ tútù wọn lé tèmi, wọ́n á ní àwọn ń wò ó bóyá mo ti sùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni wọ́n kú. Àìsàn náà ò pẹ́. Níbi òkú, Alfa Mikáílù bèèrè bó ṣe yẹ, pé ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀, kó wí, kó sì dárí jì wọ́n. Àwa obìnrin wà nínú ilé, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Varney láti ẹ̀yìn.

Ó ní, “Oldpa bà mí lórúkọ jẹ́. Mo ti dárí jì wọ́n. Kí Ọlọ́hun má bi wọ́n.”

Àwọn èèyàn ṣe àmín. Ìyá Kúdírá tó jókòó tì mí ní ẹ ò rí i, arẹ́nijẹ náà lójú àánú. Mo sunkún débi pé wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n rò pé ọkọ mi nìkan ni mò ń sunkún.

Òjò tún ti dé. Rìsíkátù fowó ránṣẹ́ láti tún òrùlé ṣe, ó ní kí Alhaji Bùsàrí bá mi wá káfíńtà. Alhaji wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, “Alhaja, ẹni tó bá wù yín la máa pè, àfi Varney. A ò ní tẹ ọ̀rọ̀ Alhaji lójú, wọn ò sí láyé mọ́.” Ó yẹ kí n lanu nígbà yẹn. Tíì ni mo lọ gbé wá fún un.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rò ó pé ibi tí orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ ló yẹ kí n ti tún un ṣe, ní mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo èèyàn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n á ní ọkùnrin tí àwọn ń gbára lé ọ̀rọ̀ ẹ̀, àṣé ìyàwó ló ń fi irọ́ bọ́ ọ. Wọ́n á tún bèèrè ìdí. Ṣé kí n wá sọ fún Alfa Mikáílù pé torí kí ọkọ mi lè sùn tì mí ni?

Varney ti dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì mọ̀. Bàbá Rìsí ní tiwọn, mo parọ́ fún wọn, wọn ò sí mọ́ tí n bá fi bẹ̀ wọ́n.

Ó ku ẹyọ kan. Ohun tí mo ṣe sí Varney, mò ń kábàámọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ òjò ọdún méjì yẹn, mi ò lè kábàámọ̀ ẹ̀. Mo ti gbìyànjú lórí ẹní ìrun, kò ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn mọ ayé: bí mo bá dé iwájú Varney tí mo kúnlẹ̀, ṣé ó tọ́ kí n tọrọ àforíjì lórí ohun tí èrè ẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ mi? Àbí kí n dúró dìgbà tí kò bá dùn mọ́ mi mọ́? Mo ti darúgbó. Mi ò rò pé ìgbà yẹn ń bọ̀.